Ọjọ́ tí Agẹmọ Ká Mi Mọ́ Ìsọ̀ Ará Ṣáínà

Ohun tó ń gbé mi lọ sí ìsọ̀ ará Ṣáínà kì í ṣe fáàrí. Ìyá mi ló kọ oúnjẹ. Ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ ọ̀jọ̀jọ̀, ó kọ ìkọ́kọrẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi tọ́ wa dàgbà. Bí mo bá ti gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, yóò pa ẹnu dé gbọin, yóò sì máa wò mí bí ẹni tó ń wo olè. Ọjọ́ kan ni mo rí wàrà kan tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe nínú ìsọ̀ náà, funfun báláú, ó rọ̀ débi pé èèyàn lè fi ètè nìkan jẹ ẹ́. Mo bù díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó ní ṣé obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé wàrà wá láàárọ̀ ti dé ni. Mo ní ó ti dé. Láti ìgbà náà ni mo ti di oníbàárà ará Ṣáínà tipátipá.

Àwọn ọmọ ìyá mi ọkùnrin wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, wọ́n pè mí lórí fóònù l'Ékòó, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà dùn lẹ́nu wọn. Mo bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni òkété náà bí, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti ní ilé tiwọn, nítorí náà gbogbo wọn gbà pé ọwọ́ mi dilẹ̀. Bí mo ṣe kó ẹrù mi padà sí Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn.

Ìyá mi kò mọ̀ mí mọ́. "Obìnrin yìí" ló ń pè mí. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, ó rò pé mo wá bá òun gbé ni, pé wọ́n ní kí n máa bá òun fọ abọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, mo wá kó ẹrù òun ni. Ó sì máa ń rìn lọ. Ìgbà kan, àwọn ọlọ́kadà ló bá mi gbé e padà láti ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Imuṣin, níbi tí wọ́n bí i sí. Kò wọ bàtà, ó gbé abọ́ ńlá kan lérí, ó ní ìyá òun ló rán òun níṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá wà nílé, mo tì í. Bí mo bá ń jáde, mo tì í láti ìta, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. N kò ní tíì dé ìkángun àdúgbò tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn: "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti mí mọ́lé o!" Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ tán. Wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é, wọn kò sì dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí. Inú sì máa ń bí mi, ká sọ òtítọ́. Èmi tí mo ń ti ilẹ̀kùn náà, níbo ni mò ń lọ? Ìsọ̀ ará Ṣáínà ni, kí n sì sáré padà.

Ìsọ̀ náà wà ní ọ̀nà tó jáde lọ sí Odogbolu. Àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn tó ń ṣe títì ni wọ́n ṣí i fún, àwa yòókù kàn ń yà síbẹ̀ ni. Bí o bá wọlé, òórùn ẹja gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ kí ọ, lẹ́yìn náà òórùn ata wọn kan tí kì í ta, tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń mú ètè kú. Núdù tó tín-ín-rín bí òwú wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe. Olú gbígbẹ wà nínú àpò ńlá. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n rẹ sínú iyọ̀ wà, ewéko inú òkun tí wọ́n sá tó dúdú bí takadá tó jóná wà. Kò sí lẹ́tà kan tí mo lè kà lára gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán ni mo fi ń ra ọjà níbẹ̀. Mo ra ohun kan rí tí mo rò pé ṣúgà ni, mo dà á sínú ògì, ìyá mi sì tutọ́ rẹ̀ sí mi láṣọ. Ohun tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ dùn ni.

Màdáámù ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ni ìsọ̀ náà. Ó gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa, àmọ́ kò sí "ẹ̀yin" nínú Yorùbá rẹ̀. "Ìwọ wá," "ìwọ mú," bó ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè bínú sí i. Ọ̀nà tó ń gbà fi ìka ka nǹkan yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ra wàrà, ó na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín rẹ̀ sókè, ó wò mí lójú. Ìka méjì ni mo rí, mo mi orí pé ó dáa. Mẹ́fà ni wọ́n ń pe ìyẹn nílùú wọn. Wàrà mẹ́fà ni mo gbé délé, kí á tó jẹ ìdajì, èyí tó kù ti kan. Ọkùnrin ará Ayépé kan ló ń bá a tajà, bàbá ọlọ́mọ, òun ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo padà lọ jà.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí bọ́ sí àkókò Agẹmọ, ọdún òrìṣà àwa Ìjẹ̀bú. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa pé obìnrin kì í rí Agẹmọ. Bí àwọn Agẹmọ bá ń ti ìlú wọn bọ̀, tí wọ́n ń gba ìgboro kọjá, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á kọjú sí ògiri títí wọ́n á fi lọ. Kò kan ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí ò ń lọ. Wọ́n ti kéde, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣe bí ọmọ onílẹ̀. Mo mọ ọ̀nà tí èyí tó máa kọjá lọ́jọ́ náà máa ń gbà láti ìgbà tí mo ti ń lọ iléèwé. Ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni, kì í gba iwájú ìsọ̀ ará Ṣáínà rárá. Wàrà ti tán nílé, ìyá mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Mo ní kí n sáré lọ, kí n sáré bọ̀, kí ojú ọ̀nà tó dá. Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìn náà, wọ́n ń ṣe títì, kòtò ńlá ti já a sí méjì. Ibi tí ọmọ aráyé ò lè gbà, Agẹmọ náà ò lè gbà á.

Màdáámù ń fi abọ́ gbọn wàrà jáde látinú omi nígbà tí ìró ọ̀kadà dáwọ́ dúró níta lójijì. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ké bọ̀: "Obìnrin, ẹ wọlé o! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fara pamọ́!" Mo fò dìde kí n sá jáde, bàbá ọlọ́mọ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó débẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Mà, ẹ má dán an wò. Wọ́n ti dé oríta."

"Ìyá mi wà nínú ilé! Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn!"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ má jáde."

Ó jáde, òun ọkùnrin, ó sì fa ilẹ̀kùn onírin sílẹ̀ wàràwàrà láti ìta. Màdáámù kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó mú páálí kan jáde lẹ́yìn káńtà, ó ti gé e dáadáa kí ó lè ṣe déédéé fèrèsé onígíláàsì, ó fi dí i. Ó ṣe tán, ó lọ dúró níwájú fírísà ẹja, ó kọ ẹ̀yìn sí ìta, ó sì fọwọ́ pè mí. Mo lọ dúró tì í. Bí àwa méjèèjì ṣe kọjú sí ẹja dídì nìyẹn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan àti obìnrin Ṣáínà kan, tí a di ojú nígbà tí ariwo àwọn ọkùnrin náà ń sún mọ́ wa. Mo ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ yíjú padà, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo rò pé wọ́n á kọjá ni. Wọn ò kọjá. Wọ́n dúró ní oríta, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ta ni máa bi wọ́n léèrè? Iná ti lọ, inú ìsọ̀ ṣú, ooru mú. Mo tẹ fóònù mi, mo pe Àlàájà tí ògiri rẹ̀ kan tiwa.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fetí sí ilé wa. Ṣé Màmá ń pariwo?"

"Àǹtí, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ilé yín dákẹ́ rọ́rọ́."

"Wọn ò tiẹ̀ lu ilẹ̀kùn?"

"Rárá o. Mi ò sì lè yọjú wò wọ́n, a ti ti gbogbo fèrèsé, wọ́n ti ké dé àdúgbò wa níbí náà. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n sùn?"

Ìyá mi kì í sùn lọ́sàn-án. Láti ìgbà tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sí ọjọ́ kan tí kò lù ú. Ariwo tó ti ń tì mí lójú láti ọdún tó kọjá, òun gan-an ni mo wá ń bẹ Ọlọ́run fún. Mo rí i lójú ọkàn mi nílẹ̀ balùwẹ̀. Mo rí i níbi tó ti ń fi ọwọ́ kan sítóòfù. Mo lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn onírin, mo kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ohùn bàbá ọlọ́mọ dáhùn láti ìta.

"Mà, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ yẹn sí mi lábẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi lè rìn, màá lọ wò wọ́n."

Mo ti bọ́ okùn náà lọ́rùn. Mo dì í mú. Mo wá rò ó pé ìyá mi tí kò mọ èmi ọmọ rẹ̀, bí ọkùnrin tí kò rí rí bá ṣí ilẹ̀kùn wọlé bá a, kí ló máa ṣe? Ó lè fi orí sọ ògiri níbi tó bá ti ń sá. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ èyí tó kù: kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá mi ni, n kò mọ ọkùnrin náà ju ibi tí a ti ń pàdé nídìí núdù lọ. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Mo so okùn padà mọ́ ọrùn.

"Ìwọ jókòó," Màdáámù ní. Ó gbé àpótí kékeré kan fún mi láàárín páálí núdù. Ó bu omi gbígbóná láti inú fúláàsì, ó da ewé kan sí i, kò fi ṣúgà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Òun náà jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo mu omi kíkorò náà. Mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ife lọ. Kò sẹ́ni tó ń pè mí. Kò sí aṣọ tó tutù láti pààrọ̀, kò sí ẹnu tí mo ń bẹ̀ kó là. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, n kò lè lọ síbì kankan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé èmi ni mo fà á. Ara mi rọ̀. Ó rọ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n pe Àlàájà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi orí ti páálí.

Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀kùn onírin ti wà lókè, iná ti dé, oníbàárà Ṣáínà kan ń ṣa ẹyin. Oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn obìnrin ń gbé ẹrù kọjá lójú títì, ọkàn wọn balẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Màdáámù fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn, ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ rẹ̀." Ó ti rí i pé mo ń sùn, ó sì jẹ́ kí n máa sùn. Kò mọ̀ pé ìyà ló fi jẹ mí. Mo já nílọ́ọ̀nù wàrà gbà, n kò dágbére, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré bí ọmọdé dé ibi tí mo ti rí ọ̀kadà.

N kò gbọ́ ohùn kankan lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣí i, pálọ̀ ṣókùnkùn. Ẹnì kan ti ti gbogbo fèrèsé, ó ti fa kọ́tìnnì bò wọ́n. Mo pe Màmá. Ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn àga, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìbínú:

"Pa ilẹ̀kùn dé! Wẹ́ẹ̀ gbọ́ ni? Agẹmọ wà níta!"

Ó jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó fi ìró bo orí. Ó ti gbọ́ igbe wọn láti òkèèrè, ó sì ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin. Kò lu ilẹ̀kùn nítorí pé lọ́jọ́ náà, ó mọ ìdí tí wọ́n fi tì í. Ó nawọ́ fà mí mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ bo èmi náà lórí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ jáde? Ìyá rẹ á ti máa wá ọ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó ní kí n má sunkún, pé wọn ò ní pẹ́ kọjá.

Àkókò Agẹmọ parí nílùú, kò parí nílé wa. Lọ́jọ́ tí mo tún ní láti jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn kí n tó ti kọ́kọ́rọ́, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni: "Màmá, Agẹmọ wà níta o." Ó dákẹ́ wẹ́lo. Mo gbọ́ bó ṣe ń ti fèrèsé. Mo rìn lọ sí ìsọ̀ ará Ṣáínà lọ́jọ́ náà láìsáré, mo yẹ ọjà wò, mo padà, mo bá a níbi tó jókòó sí. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ lọ ọjà, Agẹmọ ń kọjá. Bí mo bá fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Agẹmọ ń kọjá. Àlàájà ní Màmá ti ń gbádùn o, àwọn ò gbọ́ ariwo wọn mọ́. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Láàárọ̀ òní, mo gbé báàgì mi, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ. Ìyá mi ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí i.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ ra wàrà yín ni, Màmá."

"Pẹ̀lú Agẹmọ níta? Ìwọ kì í ṣe obìnrin ni?"

"Wọ́n ti kọjá, Màmá. Ẹ wò ó, wọ́n ti kọjá."

"Ta ló wí fún ọ? Èmi ò gbọ́ pé wọ́n kọjá." Ó di ọwọ́ mi mú. N kò mọ̀ pé agbára tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀. "Wọ́n á ṣe ọ́ léṣe. Mẹ́ẹ̀ ní jẹ́ kí o lọ."

Mo lè já ọwọ́ mi gbà. Arúgbó ni, kò lágbára tó mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti padà wálé, yàtọ̀ sí ọjọ́ tó fi ìró bò mí, kò tíì sí ọjọ́ kan tí ó bẹ̀rù nǹkan kan nítorí tèmi. Mo gbé báàgì sílẹ̀. Ó mú mi lọ sẹ́yìn àga, ó ní kí n kọjú sí ògiri, mo kọjú sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ èyí sórí fóònù, nínú òkùnkùn, ní ọ̀sán gangan. Mo ti bi í lọ́pọ̀ ìgbà bóyá wọ́n ti lọ. Ó ní wọn ò tíì lọ, kò sì jẹ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.